Ẹni tó Ra Orí Kámẹ́rà Kò tíì Ra Kámẹ́rà

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan lára wa tó jẹ́ oníṣẹ́ ìròyìn bá àpéjọ ọdún yìí sọ, nígbà tí ìgbìmọ̀ fíìmù ilé-ìwé gbé àbá rẹ̀ síwájú ẹgbẹ́.)

  Àwọn tí a jọ pé jọ lọ́dún tó kọjá tí a kò rí mọ́ lónìí, kí Olódùmarè tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Akọ̀wé wa ní ogún ìṣẹ́jú péré ni mo ní, ẹ sì mọ̀ wọ́n, wọn kì í ṣeré. Wọ́n ju iṣẹ́ yìí sí mi lọ́wọ́ nítorí pé mo kọ́ iṣẹ́ ìròyìn ní pọlitẹ́níìkì, mo sì ti ń gbé kámẹ́rà kiri láti bí ọdún méjìlá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí mo kà nínú ìwé ni mo fẹ́ sọ fún yín o. Àṣìṣe tí mo ṣe ni. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Èmi ti ṣubú lórí ọ̀rọ̀ kámẹ́rà yìí, mo sì ti wo ẹ̀yìn dáadáa.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ìgbìmọ̀ fíìmù ti kó owó jọ láti ya fíìmù nípa ilé-ìwé wa: bí wọ́n ṣe dá a sílẹ̀, àwọn tó kọ́ wa, àti ohun tí ojú wọn rí. Nínú ìwé tí wọ́n pín fún wa láàárọ̀ yìí, wọ́n dá a lábàá pé kí á fi èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà ra kámẹ́rà sinimá kan, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe fíìmù ní Amẹ́ríkà. Wọ́n kọ iye rẹ̀ síbẹ̀: $6,000. Wọ́n ní bí a bá ya fíìmù tiwa tán, a ó máa fi kámẹ́rà náà háyà, owó á sì máa wọlé sápò ẹgbẹ́. Èrò rere ni. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n olùkọ́ wa tó kọ́ wa ní Ìṣirò, tí wọ́n jókòó síwájú yìí, ṣé ẹ rántí ohun tí wọ́n máa ń sọ? Wọ́n ní, "Ẹ fi iṣẹ́ yín hàn mí. Ìdáhùn tí kò ní iṣẹ́, òdo ni." Ìdáhùn ni $6,000 yẹn. Ẹ jẹ́ kí á wá iṣẹ́ rẹ̀.

Ibi tí a ti ń bọ̀

Ẹ̀yin olùkọ́ wa yóò rántí ìgbà tí Hubert Ògúndé, Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love, àti Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, ń gbé sinimá kiri láti ìlú dé ìlú. Ajàní Ògún jáde ní 1976. Fíìmù sẹ́lúlọ́ìdì ni wọ́n ń lò nígbà náà. Bí wọ́n bá ya àwòrán tán, wọ́n ní láti kó o lọ sí òkè òkun kí wọ́n tó lè fọ̀ ọ́. Ẹni tó yà á kò ní mọ̀ bóyá iṣẹ́ rẹ̀ dára títí fíìmù á fi ti òkun dé. Ẹ wo irú owó tí ìyẹn ń jẹ. Bàbá Sàlá kó ohun tí wọ́n ní lé Ọ̀run Móoru ní 1982. Àwọn olè fíìmù ṣe àdàkọ rẹ̀ sórí fídíò, wọ́n ń tà á kiri, gbèsè sì wọ bàbá náà lọ́rùn.

Ní àwọn ọdún 1990, fídíò gba ìlú. Túndé Kèlání, tó ti fi sẹ́lúlọ́ìdì ṣiṣẹ́ rí, gbé Ti Olúwa Nilẹ̀ jáde ní 1993. Fídíò kò wọ́n bíi sẹ́lúlọ́ìdì, ṣùgbọ́n ojú tó mọ sinimá mọ̀ pé àwòrán rẹ̀ kò jọ ti sinimá. Ìyàtọ̀ yẹn ni gbogbo ayé ń wá ọ̀nà láti paré: kí owó rẹ̀ sún mọ́ ti fídíò, kí ojú rẹ̀ sì jọ ti sẹ́lúlọ́ìdì.

Ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà, Jim Jannard, tó dá ilé-iṣẹ́ awò ojú Oakley sílẹ̀, ló gbé ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà tuntun. Ní 2005 ó dá ilé-iṣẹ́ kámẹ́rà RED sílẹ̀. Ní 2006 wọ́n ń gba $1,000 àsansílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà lórí kámẹ́rà tí kò tíì sí. Àwọn kan ní ojú ayé ni. Ṣùgbọ́n ní 2007, RED One bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lóòótọ́. Steven Soderbergh fi ya Che tó jáde ní 2008; wọ́n fi ya District 9 tó jáde ní 2009. Iye rẹ̀ jẹ́ $17,500. Ẹnu ya ayé, nítorí pé èyí kéré gan-an sí iye àwọn kámẹ́rà díjítà ńlá ìgbà náà.

Ẹ jẹ́ kí á dúró lórí $17,500 yẹn díẹ̀. Orí kámẹ́rà nìkan ni. Àwọn tó ṣe é gan-an, ọpọlọ ni wọ́n ń pe orí náà ní èdè wọn. Ẹ̀yin ará, a ò tíì rí ọpọlọ tó dá rìn lọ ra àkàrà. Ó nílò ojú, ó nílò ọwọ́, ó nílò ẹsẹ̀, ó sì nílò oúnjẹ.

Kí ni à ń pè ní kámẹ́rà alátòpọ̀?

Ẹ̀yin tí ẹ gbé họ́sítẹ̀lì, ẹ rántí bẹ́ẹ̀dì onírin wa, èyí tó ní òkè tó ní ìsàlẹ̀. Wọn kì í gbé e wọlé lódidi. Òpó mẹ́rin á dá wà, pákó á dá wà, nọ́ọ̀tì á dá wà nínú ike. Bó bá pé, ó dára: bí òpó kan bá tẹ̀, òun nìkan ni wọn á pààrọ̀, bí wọ́n bá fẹ́ kó o gba ẹnu ọ̀nà tó há, wọn á tú u. Ṣùgbọ́n bí nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo bá sọnù, ẹ rántí ẹni tó ṣubú láti òkè lóru ọjọ́ ìdánwò. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni náà wà níbí, ó sì ti ń rẹ́rìn-ín.

Bí kámẹ́rà alátòpọ̀ ṣe rí nìyẹn. Orí rẹ̀ wà lọ́tọ̀: inú rẹ̀ ni ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ wà, àti ẹ̀rọ tó ń sọ ọ́ di àwòrán. Lẹ́ńsì wà lọ́tọ̀. Ẹnu tí a ń ki lẹ́ńsì bọ̀ lè wà lọ́tọ̀, torí pé kì í ṣe gbogbo lẹ́ńsì ló bá gbogbo ẹnu mu. Bátìrì wà lọ́tọ̀, àwo tí bátìrì máa jókòó lé wà lọ́tọ̀. Káàdì tó ń gba àwòrán sílẹ̀, mọ́nítọ̀ tí a fi ń wo ohun tí à ń yà, ìmú tí a fi ń gbé e, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń dúró lé, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń tà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èrè wà nínú ìtòpọ̀ yìí o, ẹ má jẹ́ kí n fi ìbínú tèmi bò ó mọ́lẹ̀. Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù ni Slumdog Millionaire, tí wọ́n yà ní ìlú Mumbai ní Íńdíà, tó sì gba ẹ̀bùn Oscar fún iṣẹ́ kámẹ́rà ní 2009. Kámẹ́rà SI-2K ni wọ́n fi ya ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Ojú kámẹ́rà kékeré wà lọ́wọ́ ayàwòrán, ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán sílẹ̀ wà nínú àpò tí wọ́n gbé kọ́ ẹ̀yìn, wáyà ló so wọ́n pọ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi lè bá àwọn ọmọdé sáré gba inú àdúgbò tóóró, níbi tí kámẹ́rà ńlá kò lè wọ̀. Èrè kejì ni pé bí ọjọ́ bá gorí ọjọ́ tí orí tuntun bá jáde, lẹ́ńsì àtijọ́ yín kò di àpatì. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé lẹ́ńsì ni ogún, orí kámẹ́rà ni aṣọ ọdún. Ẹni tó ń fi kámẹ́rà jẹun lójoojúmọ́ lè ra ti alátòpọ̀, kó máa fi owó iṣẹ́ kan ra ẹ̀yà kan, kó sì jẹ èrè rẹ̀.

Ìbéèrè tó kàn ni pé ṣé àwa là ń fi kámẹ́rà jẹun lójoojúmọ́ nínú ẹgbẹ́ yìí?

Ohun tí ojú mi rí

Ní 2019, èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì yá owó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, a sì ra orí kámẹ́rà kan, àlòkù tó ṣì mọ́ dáadáa. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí pé kámẹ́rà náà kò ṣẹ̀ wá. Àwa la ṣẹ ara wa. Ọjọ́ tó dé, a pe ìyàwó ilé, a pe àwọn ará àdúgbò, a gbé e sórí tábìlì. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa béèrè pé, "Dádì, ibo ni wọ́n ti ń tàn án?" A wo ara wa. Lóòótọ́, kò sí bí a ṣe lè tàn án. Bátìrì tí a ní kò bá a mu, àwo tó yẹ kí bátìrì jókòó lé kò sí nínú páálí, lẹ́ńsì tí ọ̀rẹ́ mi ní kò sì wọ ẹnu rẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìyá kan pè mí. Bàbá wọn, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, ti ṣiṣẹ́ rélùwéè nígbà èwe. Wọ́n fẹ́ kí a gba ìtàn bàbá náà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ-ọmọ tó wà nílùú òyìnbó. Mo lọ kí bàbá náà lẹ́ẹ̀mejì. Inú wọn dùn. Lẹ́ẹ̀mejèèjì ni wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ń sọ bí ọkọ̀ ojú irin ṣe ń fọn fèrè tí gbogbo ọjà á fi dìde, wọ́n ń dárúkọ ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan láìwo ìwé, wọ́n tún kọ orin tí àwọn òṣìṣẹ́ máa ń kọ bí wọ́n bá ń gbé irin. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì, àwo bátìrì ń bọ̀ lọ́nà, a fẹ́ fi kámẹ́rà sinimá yà wọ́n, kó lè dára.

Àwo bátìrì kò dé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹrù náà há sọ́nà. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ìyá náà tún pè mí. Bàbá ti sùn lóru, wọn ò jí. Mo ń bẹ̀bẹ̀, mo ń ṣàlàyé. Wọn ò bú mi. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Àbúrò, ṣé ẹ tilẹ̀ fi fóònù gba ohùn wọn?"

Fóònù wà nínú àpò mi lẹ́ẹ̀mejèèjì tí mo lọ. Mi ò yọ ọ́.

Àwo bátìrì dé lẹ́yìn ìsìnkú. A ti fi kámẹ́rà náà ṣe iṣẹ́ púpọ̀ láti ìgbà náà, a sì ti san gbèsè alájẹṣẹ́kù tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ìwé ìgbìmọ̀ láàárọ̀ yìí, tí mo rí i pé a óò bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwọn olùkọ́ wa "nígbà tí kámẹ́rà bá dé," mo ní ká fún mi láyè kí n sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi iṣẹ́ wa hàn

Àkọ́kọ́, ti dọ́là. Ní oṣù Karùn-ún 2023, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bíi ₦460 ní báńkì. $6,000 nígbà náà jẹ́ ₦2,760,000. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà ni wọ́n tú náírà sílẹ̀. Nígbà tó fi di oṣù Kejì 2024, dọ́là ti kọjá ₦1,500. $6,000 kan náà di ₦9,000,000. Orí kámẹ́rà kò yí padà, dọ́là ibẹ̀ kò lé, síbẹ̀ ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀ ló wọ̀ ọ́ láàárín oṣù mẹ́sàn-án. Ẹni tó bá ń fi náírà dá àjọ láti ra ohun tí wọ́n ń fi dọ́là tà, ẹ jẹ́ kó fi èyí sọ́kàn.

Èkejì, ohun tó yí orí ká. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: lẹ́ńsì méjì ó kéré tán, bátìrì mẹ́rin, ẹ̀rọ tó ń gba iná sí i, káàdì méjì, mọ́nítọ̀, ìmú, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó lè gbé e láìwárìrì, àpótí tí a ó máa gbé e sí. Nínú ìrírí tèmi, àwọn nǹkan wọ̀nyí lápapọ̀ ń gba owó tó tó ti orí fúnra rẹ̀. Nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. A ò tíì dárúkọ ẹ̀rọ ohùn o. A ò tíì dárúkọ iná. A ò tíì dárúkọ epo jẹnẹrétọ̀.

Ẹ̀kẹta, ibi tí a ó kó àwòrán sí. Kámẹ́rà sinimá kì í kọ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á ní ó ń kọ 100MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Wákàtí kan á jẹ́ 360GB. Bí a bá fẹ́ ya olùkọ́ mẹ́wàá, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì, ogún wákàtí nìyẹn: 7,200GB. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí kì í tọ́jú ẹ̀dà kan ṣoṣo, nítorí náà ẹ sọ ọ́ di 14,400GB. Hard disk mélòó nìyẹn? Kọ̀ǹpútà ta ni yóò lè ṣí i? Ta ni yóò jókòó tì í láti gé e àti láti tò ó?

Ẹ̀kẹrin, ìgbà. Ohun tí a ń pè ní tuntun nínú kámẹ́rà kì í pẹ́ darúgbó, ìlérí àwọn tó ń ṣe é sì máa ń yí. Ní 2008, RED kéde kámẹ́rà kékeré kan tó ń jẹ́ Scarlet, wọ́n ní kò ní kọjá $3,000. Àwọn ènìyàn ń retí. Nígbà tó fi jáde bíi Scarlet-X ní 2011, orí rẹ̀ nìkan ti kọjá $9,000. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kejì: ní 2012, ilé-iṣẹ́ Blackmagic ti Ọsirélíà gbé kámẹ́rà sinimá tiwọn jáde ní $2,995, ní 2018 wọ́n gbé Pocket 4K jáde ní $1,295. Ní 2020, RED gbé Komodo jáde ní $5,995, ìdá mẹ́ta iye RED One ọjọ́sí. Ní 2024, Nikon ti ilẹ̀ Japan ra ilé-iṣẹ́ RED pátá. Ẹni tó ra ti $17,500 ní 2007, mélòó ni yóò tà á lónìí? Ọjà yìí ń sáré ju ẹsẹ̀ wa lọ.

Ẹ̀karùn-ún, háyà. Ìgbìmọ̀ ní a ó máa fi háyà. Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ ṣe é. Mi ò ní iye ọjà nìyí o, ìṣirò lásán ni. Ká ní gbogbo rẹ̀, orí pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, jẹ́ ₦15,000,000. Ká ní ẹni tó ní irú rẹ̀ ń gba ₦150,000 lójúmọ́. Ẹ pín in: ọgọ́rùn-ún ọjọ́. Ó di ìgbà tí a bá lò ó tàbí tí a bá fi í háyà fún ọgọ́rùn-ún ọjọ́ kí owó wa tó padà, kí a tó sọ pé a jèrè kọ́bọ̀. Fíìmù tiwa kò lè gbà ju ọjọ́ méjìlá lọ. Bí a bá háyà fún ọjọ́ méjìlá, ₦1,800,000. Ọjọ́ méjìdínláàádọ́rùn-ún tó kù, ta ni yóò máa wá oníbàárà? Ilé ta ni kámẹ́rà yóò máa sùn? Bí ẹni tó háyà bá jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀, ta ni yóò lọ bá a jà? Ẹ̀yin náà mọ bí nǹkan tó jẹ́ ti gbogbo wa ṣe máa ń rí. Gbogbo wa la ni ín nígbà tó bá dára. Bó bá bàjẹ́, ti akọ̀wé ni.

Ọ̀nà mẹ́ta tó wà níwájú wa

Ọ̀nà kìíní ni àwọn kámẹ́rà àgbà, irú ti ARRI ilẹ̀ Jámánì. Láti 1917 ni ilé-iṣẹ́ yẹn ti wà ní Munich, ALEXA wọn tó jáde ní 2010 sì ni ọ̀pọ̀ fíìmù ńlá ti lò. Àwọn olówó sinimá gan-an kì í sábà rà á, wọ́n ń háyà rẹ̀ ni. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Bí àwọn tó ní owó bá ń háyà, kí ló dé tí ojú yóò fi máa ti àwa?

Ọ̀nà kejì ni alátòpọ̀ tí a ti ń sọ. Ó dára fún ẹni tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́, tó ní ọmọ iṣẹ́, tó sì mọ ohun tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ń ṣe.

Ọ̀nà kẹta ni kámẹ́rà tó wá lódidi, tí ojú, mọ́nítọ̀ àti ibi bátìrì ti wà lára rẹ̀, tó jẹ́ pé lẹ́ńsì, bátìrì àti káàdì ló kù. Irú rẹ̀ ni Sony FX3 tó jáde ní 2021, tí iye rẹ̀ kò tó $4,000 nígbà tó jáde. Wọ́n fi ya The Creator, sinimá ńlá Amẹ́ríkà tó jáde ní 2023. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èyí tàn yín o. Fíìmù yẹn ná nǹkan bíi $80,000,000. Kámẹ́rà ni kò wọ́n. Ènìyàn, iná, ohùn, ìrìn àjò, àti iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni owó bá lọ. Ohun tí èyí kọ́ mi ni pé kámẹ́rà kọ́ ló ń jẹ́ kí fíìmù dà bíi fíìmù. Àwòrán tí kò mọ́ tó, òǹwòran á fara dà á. Ohùn tí kò já gaara, wọn á dìde ni.

Àbá tèmi

Mo ti fẹ́ẹ̀ parí, Akọ̀wé, ẹ má wo aago mọ́.

Èkíní: kí a tó kúrò níbí lónìí, kí á kọ orúkọ gbogbo olùkọ́ wa tó ṣì wà láyé, kí á tò wọ́n ní ti ọjọ́ orí, ẹni tó dàgbà jù lókè. Kí sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan yan ènìyàn méjì. Láàárín oṣù kan, kí wọ́n ti lọ bá àwọn tó wà lókè ìwé náà pẹ̀lú fóònù tó dára àti gbohùngbohùn kékeré tí a ń fi há ọrùn aṣọ. Kí wọ́n ti fèrèsé tì, kí wọ́n pa fáànù, kí wọ́n jẹ́ kí Bàbá tàbí Màmá jókòó kọjú sí ìmọ́lẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Bí kámẹ́rà sinimá bá dé lẹ́yìn náà, a ó padà lọ. Bí kò bá dé, a ti ní ohùn wọn.

Èkejì: kí á háyà kámẹ́rà gidi fún ọjọ́ díẹ̀, pẹ̀lú ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, fún ọgbà ilé-ìwé, ìpàdé àárọ̀, àti ibi tí àwọn olùkọ́ wa bá ti lè pé jọ.

Ẹ̀kẹta: kí á ra hard disk méjì, kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ Akọ̀wé, kí èkejì wà ní ìlú mìíràn. Ilé tó bá jó kì í jó ní ìlú méjì lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ̀kẹrin: ìgbìmọ̀ sọ pé àwọn ọmọ tó wà ní ilé-ìwé báyìí yóò rí kámẹ́rà náà kọ́ iṣẹ́. Òótọ́ ni, mo sì gbà pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ra èyí tó wá lódidi fún wọn, kékeré, tí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lè gbé láìbẹ̀rù, pẹ̀lú gbohùngbohùn méjì. Ẹni tó bá mọ èyí lò yóò mọ ti alátòpọ̀ lò bó bá dàgbà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè.

Ẹ̀karùn-ún: kí á fi ọ̀rọ̀ kámẹ́rà alátòpọ̀ sílẹ̀ fún ọdún méjì. Bí a bá ka ọjọ́ tí a háyà, tó sì pọ̀ tó, kí ẹni tó fẹ́ ra tún gbé ìwé wá. Ṣùgbọ́n kó fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn.

Ní ìparí, ẹ jẹ́ kí n yíjú sí ẹ̀yin tí ẹ jókòó síwájú. Ẹ kọ́ wa ní ìwé, ẹ nà wá, ẹ sì san owó ìdánwò fún àwọn kan nínú wa láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi mọ ọ̀kan. A kò tíì gbọ́ ìtàn yẹn lẹ́nu yín, torí pé ẹ kò fẹ́ kó di ariwo. A fẹ́ gbọ́ ọ báyìí. Bí a bá parí oúnjẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tètè lọ. Mo ti gba iná sí fóònù mi láàárọ̀ yìí, ó pé gbáà, gbohùngbohùn sì wà nínú àpò mi. Sà, ẹ̀yin tí ẹ kọ́ wa ní Ìṣirò, ọ̀dọ̀ yín ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.